Àpá Mẹ́ta Lábẹ́ Àwo

Láràárọ̀ ọjọ́ Àtìníì, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa l'Ájàṣẹ́ kì í gbàlejò,
èmi Ráfátù ni mo máa ń nu dígí.
Mo nu ti ère, mo nu ti ìlẹ̀kẹ̀,
mo nu ti idà tó ti gbàgbé ogun,
n ó wá dé ìdí àpótí kẹtàlá, n ó dúró.

Àwo kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.
Kò ju ohun tí ọmọdé lè fi mu ògì lọ.
Ara rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù;
àwọ̀ ewé ṣàn lára rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ṣàn tẹ̀lé e,
wọn ò dúró níbi tí wọ́n ní kí wọ́n dúró,
bí ọbẹ̀ tó hó kọjá ìdérí.
Ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Níṣápúrù ni ìlú rẹ̀,
ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ó ní amọ̀, ó ní oje dígí,
ó kọ nọ́ńbà sí i.
Kò kọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n.

Ìyá mi Ìgbàyílọlá mọ ìkòkò ní Ṣábẹ̀ẹ́ fún ogójì ọdún.
Kò rí dígí yọ́ rí.
Koríko gbígbẹ ni, àti igi, àti afẹ́fẹ́ ọ̀yẹ́.
Bí ìkòkò bá pọ́n bí ẹyin iná,
a ó fi ọ̀pá gígùn fà á yọ,
a ó da omi èèpo irúgbá lé e lórí, ṣààà!
Èéfín á gba ojú wa,
ìkòkò á dúdú, á sì máa dán.
"Ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn," ni ìyá mi máa ń wí,
"amọ̀ kì í rìnhòòhò lọ sọ́jà."

Lọ́jọ́ tí dígí àpótí sán, Mùsíyè Kàsúmù wọ ìbọ̀wọ́ funfun,
ó da àwo náà dojú dé sórí òwú,
ó ní kí n bá òun di tábìlì mú.
Ìgbà náà ni mo rí ìdí rẹ̀:
àpá mẹ́ta, kéékèèké,
ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́ta ti gbé e dúró nínú iná
kí oje má baà lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì rẹ̀.
Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ní kí ló dé.
Mo ní, ọ̀gá, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù;
wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún náà.

Létí rẹ̀, lẹ́tà dúdú tò yí ká bí èèrà.
Alfa méjì ti wò ó, wọ́n ní kì í ṣe irú tàwọn.
Sùbérù, ọmọ ilé-kéú, ló tẹ imú mọ́ dígí títí dígí fi rin,
ó padà wá ní Jímọ̀ mẹ́ta, ó ń fi lẹ́ẹ̀dì yà á.
Ó ní: "Bàrákà. Bàrákà fún ẹni tó ni ín."
Ìyókù ti fọ́. Ẹfun ni wọ́n fi dí i.

Ẹni tó ni ín!
Mo ń fún aṣọ ìnulẹ̀, mo ń rò ó.
Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ fi jẹun ni?
Àbí ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ kàn án nínú iyẹ̀pẹ̀?
Oníṣègùn Faransé tó fi í sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń relé ńkọ́?
Ó lè jẹ́ nọ́ńbà yẹn ni bàrákà náà bà lé.

Lẹ́yìnkùlé mi ní Àtàkẹ́, àpáàdì kan wà
tí àwọn adìyẹ fi ń mumi.
Òun ló kù nínú ogójì ọdún iná ìyá mi.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí amọ̀ ti rọ̀ nígbà kan rí,
ojú àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà.
Mo ki tèmi bọ̀ ọ́ lánàá.
Ó fi díẹ̀ tóbi jù mí lọ.
Àgbébọ̀ adìyẹ kan dúró, ó ń wò mí,
òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.